Ilé Ìwòsàn Tí Apá Wa Yóò Ká

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ilé Kíkọ́ bá àpéjọ sọ níbi ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ owó ilé ìwòsàn àti ilé ìgbẹ̀bí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní ìlú Kánò)

  

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé lé àwa Ìgbìmọ̀ Ilé Kíkọ́ lọ́wọ́ lónìí kò ju pé kí a ṣàlàyé irú ilé tí a fẹ́ fi owó yín kọ́. Ẹni tó bá ń dáwó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí owó rẹ̀ ń lọ ṣe. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní igi gànràngànràn má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó wá. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ tẹnu wa kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kó má jẹ́ pé ẹ̀yìn tí a bá ṣí ilé tán ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jiyàn.

Ìtàn wa nílùú yìí kì í ṣe ti àná. Kí rélùwéè tó dé Kánò ní ọdún 1911 ni àwọn Yorùbá kan ti ń gbé ní Àyàgì. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, ó kó akọ̀wé, káfíńtà, telò, oníṣòwò obì àti aláṣọ wá, Sábọ̀n Gàrí sì di ilé fún wa. A bí ọmọ síbí, a sì sin òkú síbí. Ẹni tó ti sin bàbá rẹ̀ sí ìlú kì í tún ṣe àlejò nílùú náà mọ́. Nítorí náà, ilé ìwòsàn tí a fẹ́ kọ́ kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ kò bá yá, tó bá kan ilẹ̀kùn, a ó ṣí i fún un.

Ẹ̀yin èèyàn wa, àwòrán ilé méjì ni ó wà níwájú ẹgbẹ́. Èkínní jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Gíláàsì ni ó bo gbogbo ojú rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù wà ní gbogbo yàrá, jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ni yóò sì máa fún un ní iná. Èkejì jẹ́ ilé ilẹ̀, tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti àgbàlá láàárín. Púpọ̀ nínú wa fẹ́ràn ti àkọ́kọ́, nítorí pé ó ń dán. Wọ́n ní kí ará ìlú rí i kí wọ́n mọ̀ pé Yorùbá dé. A kò bá wọn jà, ẹ̀yẹ dára lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n èkejì ni àwa ìgbìmọ̀ fara mọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Owó tí a fi ń kọ́ ilé, ẹ̀ẹ̀kan ni à ń san án. Owó tí a fi ń mú ilé ìwòsàn rìn, ojoojúmọ́ ni. Ẹ rántí òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo pẹtiróòlù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá epo tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ kọjá 500 náírà. Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2024 pẹ̀lú, nígbà tí wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí Àríwá bàjẹ́, tí òkùnkùn sì bo púpọ̀ nínú ilẹ̀ Àríwá fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ bi ara yín: bí aboyún bá ń rọbí lọ́wọ́ ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, nínú yàrá tí gíláàsì rẹ̀ kò ṣeé ṣí, tí kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, ibo ni afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé tọ̀ ọ́? Ilé tí kò lè mí bí kò bá sí iná kì í ṣe ilé ìwòsàn. Bí owó epo bá sì ju owó tí àwọn aláìsàn ń san lọ, kí ni a ó ṣe? A ó fi kún owó káàdì ni, tálákà kò sì ní lè wá mọ́. Tàbí kí a ti ilẹ̀kùn pa. Ọ̀kan kò dára nínú méjèèjì.

Ohun àkọ́kọ́ tí a gbé yẹ̀wò, nítorí náà, ni afẹ́fẹ́. Àwa tí a wà nílùú yìí ní ọdún 1996 kò lè gbàgbé àrùn yírùnyírùn, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau. Ní Nàìjíríà ní ọdún náà, àwọn tó mú ju 100,000 lọ, àwọn tó pa sì lé ní 11,000. Àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ ni àrùn náà máa ń jà, ibi tí èèyàn bá sì ti há mọ́ra wọn ni ó ti ń gbilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a rí oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ọdún 2020 nígbà àrùn Kòrónà, tí a ń sin òkú lójoojúmọ́ ní Kánò. Àrùn tí ń gba inú afẹ́fẹ́ ràn ni ẹni tó bá ń kọ́ ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rù, kí ibi tí a ti ń wá ìwòsàn má baà di ibi tí a ti ń kó àrùn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Tugela Ferry, ní ilẹ̀ South Africa, ìròyìn jáde ní ọdún 2006 pé èèyàn 53 ni ikọ́ ẹ̀gbẹ tí oògùn kò ràn mú, àti pé 52 nínú wọn ni ó kú. Àwọn onímọ̀ rí i pé inú ilé ìwòsàn gan-an ni púpọ̀ nínú wọn ti kó o.

Kí ni ó wá ń lé irú àrùn bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí gbé èsì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn ìlú Lima ní ilẹ̀ Peru jáde. Wọ́n wọn iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ inú yàrá ń pààrọ̀ ní wákàtí kan. Yàrá tí wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí pààrọ̀ tirẹ̀ ní ìgbà 12. Yàrá tí wọ́n kàn ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ pààrọ̀ tirẹ̀ ní ìgbà 28. Èyí tó yà wọ́n lẹ́nu jù ni pé àwọn ilé àtijọ́, tí àjà wọn ga tí fèrèsé wọn sì fẹ̀, dé ìgbà 40, nígbà tí ti ìgbàlódé tó ní fèrèsé tirẹ̀ kò ju 17 lọ. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa: ilé àtijọ́ na ti ìgbàlódé, ó sì na ẹ̀rọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá là á sílẹ̀ nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2009 pé afẹ́fẹ́ tuntun tó yẹ kí aláìsàn kan máa rí ní wọ́ọ̀dù lásán jẹ́ lítà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì mẹ́ruwà wò ó: ó lé ní kẹ́ẹ̀gì méjì afẹ́fẹ́ láàárín kí o tó ṣẹ́ ojú. Ẹ̀rọ tí yóò ṣe èyí fún ibùsùn 24 kì í ṣe ẹgbẹ́ owó wa. Ṣùgbọ́n fèrèsé tó kọjú síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì wọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ihò afẹ́fẹ́ lókè lábẹ́ àjà, lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyí tí ilé náà fi gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ilé tó bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ kì í là á já. Ọgbọ́n yìí ni Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, jà fún nínú ìwé tó kọ lórí ilé ìwòsàn ní ọdún 1859, lẹ́yìn tó ti rí bí àwọn sójà ṣe ń kú nínú ilé tó há ní Scutari lójú ogun Crimea.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀yẹ́ ń kọ́, eruku ńkọ́? Ẹ̀fọn ńkọ́? Òtítọ́ ni. A ó fi nẹ́ẹ̀tì sí gbogbo fèrèsé. Nítorí pé nẹ́ẹ̀tì máa ń dín afẹ́fẹ́ kù, a ó jẹ́ kí fèrèsé náà fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Fún eruku, apá àríwá àti ìlà-oòrùn tí ọ̀yẹ́ ti ń fẹ́ wá ni a ó gbin igi sí, a ó sì ṣe ilẹ̀kùn fèrèsé onípákó tó ṣeé tì díẹ̀ díẹ̀ nígbà tí eruku bá pọ̀.

Ohun kejì ni oòrùn. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Oòrùn là ń wò kí a tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń wà nísàlẹ̀, ó ń wọlé tààrà láti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, kò sí ìgbátí òrùlé tó lè dá a dúró. Ti ọ̀sán wà lókè orí, òrùlé tó bá yọ síta dáadáa lè fi òjìji bo ògiri. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé wa gbọ́dọ̀ kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú, tí kò ní fèrèsé púpọ̀, kọjú sí ìlà àti ìwọ̀-oòrùn. Ìpinnu yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣì í, ojoojúmọ́ ni a ó máa san owó rẹ̀ títí ilé náà yóò fi wó.

Ohun kẹta ni ohun tí a ó fi mọ ọ́n. Àwọn ará Kánò tí a bá níbí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Túbálì amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri wọn, ògiri náà nípọn, ooru ọ̀sán kì í tètè là á já. Wọ́n a sì fi omi màkúbà, èyí tí wọ́n ń rí lára èèpo èso igi irú, pò mọ́ ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ kí òjò má baà wọ̀ ọ́. Àwa náà ní ilé, ilé alámọ̀ ni bàbá wa bí wa sí, a sì mọ bó ṣe tutù tó. A kò wí pé kí a kọ́ ọsibítù bí ilé àtijọ́ gẹ́lẹ́. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ilẹ̀ pupa pò mọ́ símẹ́ǹtì díẹ̀, tí a fi ẹ̀rọ ọwọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi le, ni a ń sọ. A kì í sun ún, nítorí náà kò sí igi tí a ó gé fún iná, ní ilẹ̀ tí aginjù ti ń bọ̀ wá bá wa lójoojúmọ́ yìí. Símẹ́ǹtì tó ń jẹ owó yóò dín kù. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì ti ṣírò rẹ̀ pé ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì nìkan ni ó ń tú nǹkan bí ìdá 7 tàbí 8 nínú ọgọ́rùn-ún èéfín tó ń mú kí ayé gbóná. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí ilé kíkọ́ àti ọ̀nà ti ń polongo irú búlọ́ọ̀kù yìí tipẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ tálákà ni, kó wo ilẹ̀ Burkina Faso, tí ooru rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa. Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando níbẹ̀, fi amọ̀ àti símẹ́ǹtì díẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún abúlé rẹ̀, èyí tó parí ní ọdún 2001. Ó gbé òrùlé páànù ga kúrò lórí àjà, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín méjèèjì kọjá, kó gbé ooru lọ. Ní ọdún 2014, ó fi irú búlọ́ọ̀kù alámọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ní ìlú Léo. Ní ọdún 2022, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn tó ga jù fún àwọn ayàwòrán ilé láyé, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Amọ̀ ló gbé e dé ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Rwanda pẹ̀lú, ọsibítù Butaro tó ní ibùsùn 140 ṣí ní ọdún 2011. Òkúta orí ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Ìta gbangba ni ọ̀nà tí èèyàn ń gbà rìn láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, kò sí ọ̀nà inú ilé tí àwọn aláìsàn yóò ti máa wúkọ́ sí ara wọn lójú. Àárín wọ́ọ̀dù ni wọ́n to ibùsùn sí, kí olúkúlùkù lè kọjú sí fèrèsé.

A kò ní tan yín jẹ: amọ̀ kò fẹ́ omi. Òkúta àti símẹ́ǹtì ni ìpìlẹ̀ yóò jẹ́ títí dé orúnkún, òrùlé yóò sì yọ síta dáadáa. Yàrá ìgbẹ̀bí àti yàrá iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ ní táìsì lára ògiri, kí ó ṣeé fọ̀ lójoojúmọ́. Ibi tí símẹ́ǹtì bá ti yẹ, a ó lò ó.

Ohun kẹrin ni omi. Kò sí ìgbẹ̀bí láìsí omi. Bí òjò bá rọ̀ débi mìlímítà kan, lítà kan ni yóò bọ́ sílẹ̀ lórí mítà kan níbùú lóròó òrùlé. Bí òrùlé wa bá jẹ́ mítà 400 níbùú lóròó, tí òjò ọdún kan bá jẹ́ mìlímítà 700, lítà 280,000 nìyẹn. Bí a bá yọ ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan fún èyí tó ṣòfò, ó ku 210,000, èyí tó jẹ́ kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 8,400. Ẹ wo iye tí mẹ́ruwà yóò gbà lórí rẹ̀! A kò lè gba gbogbo rẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n tánkì abẹ́ ilẹ̀ onílítà 50,000 ṣeé ṣe, yóò sì ran kànga ẹ̀rọ wa lọ́wọ́. Òjò àkọ́kọ́ tó fọ eruku ọ̀yẹ́ kúrò lórí páànù ni a ó jẹ́ kó ṣàn lọ. Omi òjò yìí fún fífọ aṣọ, ilẹ̀ àti ṣáláńgá ni. Èyí tí a ó mu, a ó tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣáláńgá àti ihò ẹ̀gbin gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tó mítà 30 ó kéré tán. Abẹ́rẹ́, bándéèjì àti ibi ọmọ gbọ́dọ̀ ní ibi tiwọn láti ìgbà tí a bá ń ya àwòrán, kí wọ́n má baà di ohun tí ewúrẹ́ ń fà kiri àdúgbò.

Ohun karùn-ún ni iná. A kò sọ pé kí a má lo ẹ̀rọ o. Yàrá iṣẹ́ abẹ, yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ibi ìpamọ́ oògùn nílò ẹ̀rọ amúlétutù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n otútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, láìyẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá díẹ̀ ni ìwọ̀nyí. Bí ilé bá ti ń mí fúnra rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì ń wọ inú rẹ̀, iná tí a nílò yóò kéré débi tí ẹ̀rọ sólà yóò fi lè gbé e. Fíríìjì wà nísinsìnyí tó ń gba agbára láti ara sólà tààrà láìlo bátìrì, fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ kékeré yóò wà nílẹ̀ fún pàjáwìrì. Ẹrù tí ẹ bá dín kù lórí ilé ni ẹ dín kù lórí epo.

Ohun kẹfà ni igi. Àwọn kan rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ní ọdún 1984, Roger Ulrich, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, gbé èsì jáde lórí àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ òróòro fún ní ọsibítù kan ní Pennsylvania. Àwọn 23 tí fèrèsé wọn kọjú sí igi tètè lọ sílé ju àwọn 23 tí tiwọn kọjú sí ògiri lọ, wọn kò sì béèrè oògùn ìrora líle tó bẹ́ẹ̀. A ó gbin dongóyárò àti máńgòrò sí àgbàlá. Ẹbí aláìsàn yóò rí òjìji jókòó sí, nítorí ẹ mọ̀ pé bí ẹnìkan bá dùbúlẹ̀ àìsàn láàárín wa, èèyàn mẹ́wàá ni yóò bá a lọ.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ bíríkìlà, káfíńtà, wẹ́dà àti onísólà wà níjòókòó níbí. Ilé kejì yìí, ọwọ́ wọn lè ṣe é, pẹ̀lú àwọn mọlémọlé Hausa tó mọ amọ̀ jù wá lọ. Owó tí ẹ bá dá lónìí yóò wọ ilé ará yín, kò ní sá lọ sí òkè òkun ra gíláàsì. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lọ́la, ẹni tó mọ ọ́n wà ní ìtòsí.

Ẹ̀bẹ̀ wa kẹ́yìn nìyí. Nínú náírà mẹ́wàá mẹ́wàá tí ẹ bá dá lónìí, ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí àpò ìtọ́jú ilé, tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn fún nǹkan mìíràn. Páànù yóò jò lọ́jọ́ kan, bátìrì yóò gbó, nẹ́ẹ̀tì yóò ya. Ilé tí a kò bá fi owó àtúnṣe sílẹ̀ fún, àlàpà ni a ń kọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò lo ilé yìí pẹ́ jù, ẹ má jẹ́ kí a fi gbèsè epo àti ilé tó há sílẹ̀ fún wọn. Nígbà ìpàdé gbogboogbò tí a ó ti yan àwòrán, a bẹ̀ yín, ẹ fọwọ́ sí ilé tí apá wa yóò ká. Ní báyìí, ẹ dìde, ẹ tẹ̀síwájú, kí olúkúlùkù ṣe bí agbára rẹ̀ ti mọ. Bí ó bá jẹ́ owó búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ni ẹ mú wá, ògiri wọ́ọ̀dù kan yóò ga sí i lónìí.

Kí Ọlọ́run bùkún àpò tí ẹ ti mú un wá, kí ó má jẹ́ kí a lo ilé náà fún àìsàn tí kò gbóògùn.